Ọdún Tí Èbúté Gbé Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èmi Hilkka ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Vuokko jẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Afẹ́fẹ́ ló jẹ̀bi. Èbúté pákó náà jẹ̀bi díẹ̀. Tèmi ò ju pé mo gba ọmọkùnrin kan nímọ̀ràn, ó sì gba ìmọ̀ràn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé ẹni tó fún èèyàn lóúnjẹ ló jẹ̀bi bí onítọ̀hún bá jẹ àjẹkì?

Urho, bàbá Vuokko, ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ agbègbè Häme ni wá, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lọ́dọ̀ wa ju wúrà lọ. Bí ọkùnrin ilẹ̀ wa bá jí láàárọ̀ tó ní, "Ó tutù," ó ti sọ tọjọ́ yẹn tán nìyẹn. Èmi nìkan ni Ọlọ́run fún lẹ́nu nínú ilé wa, ìyá wa sì kú láìmọ ibi tí mo ti rí i mú wá. Ní ti Urho, "hùn" ni èdè tirẹ̀. Hùn kan wà tó túmọ̀ sí ẹ ṣeun, òmíràn wà tó túmọ̀ sí ẹ máa lọ sílé yín, àfi kéèyàn wo ojú rẹ̀ kó tó mọ èwo lèwo. Láti ìgbà tí Elvi, ìyàwó rẹ̀, ti kú, hùn náà gan-an ti ń wọ́n.

Vuokko lọmọ kan ṣoṣo tí Elvi bí fún un. Nọ́ọ̀sì ni ní ìlú Hämeenlinna. Lọ́jọ́ kan nígbà ìrúwé, ó yà sí ilé búrẹ́dì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ láti ra búrẹ́dì kan péré kí bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó dé. Reijo ló wà nídìí káńtà. Ọmọ Karelia ni Reijo, láti Joensuu lọ́hùn-ún, ẹ̀yin náà sì mọ àwọn ará Karelia: bí ẹ bá ti kí wọn ní ẹ káàárọ̀, kí ẹ yáa wá àga jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Vuokko nípa ìyẹ̀fun, láti orí ìyẹ̀fun ó bọ́ sórí ìyá àgbà rẹ̀, láti orí ìyá àgbà ó bọ́ sórí ẹṣin kan tí ìyá àgbà náà bá jà. Bọ́ọ̀sì dé, ó lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e náà lọ. Nígbẹ̀yìn, ọkọ̀ búrẹ́dì ni Reijo fi gbé e délé, ìtàn ẹṣin ò sì tíì parí.

Vuokko wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Àǹtí, mi ò rẹ́rìn-ín báyìí mọ́ láti ìgbà tí màámi ti lọ." Mo wo ojú ọmọ náà, mo rí i pé ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ ẹni tó bí i.

Ẹ̀rù náà ò bà mí lásán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́jọ́ àjọ̀dún tí ilẹ̀ kì í ṣú, ó mú Reijo wá sí ilé etí omi wa kó wá rí bàbá rẹ̀. Reijo kó páì ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ ṣe wá, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nídìí kọfí, ó sọ̀rọ̀ nídìí sọ́séèjì, ó bá ajá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá dé orí ọ̀rọ̀ ẹṣin ìyá àgbà, Urho, tó ti jẹ páì kan tó sì tún jẹ òmíràn, dìde lójijì. Ó mú ọ̀pá ìpẹja, ó gba inú òjò lọ sórí adágún, kò sì padà títí àlejò fi lọ. Nígbà tó dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó ní: "Ó ń sọ̀rọ̀."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ju ìdájọ́ kóòtù lọ. Vuokko bọ́ sẹ́yìn ilé, ó lọ sunkún.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti alárinà nìyẹn, èmi náà sì ni alárinà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, tí ewé ti pọ́n tó ti ń já, ó ti dójú ẹ̀. Àbúrò bàbá Reijo ní Joensuu ti darúgbó, ó ń pè é kó wá gba ilé búrẹ́dì òun kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Reijo ò fẹ́ lọ. Ó ní tí Vuokko bá lè fẹ́ òun, Hämeenlinna lòun máa dàgbà sí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí lòun tún ń wá níbẹ̀? Vuokko fẹ́ ẹ, tọkàntọkàn ló fi fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní wọlé ọkọ láìjẹ́ pé bàbá òun fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mi ò ní kó jó, Àǹtí," ló wí fún mi. "Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́. Èmi nìkan ló kù fún un. Tí mo bá lọ láìgba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹ̀, á dà bíi pé mo sá fi í sílẹ̀ ni."

Mo lọ bá Urho. Mo sọ̀rọ̀ títí kọfí fi tutù níwájú wa. Mo ní ọmọ dáadáa ni, kì í mutí yó, ó ń dé ibi iṣẹ́ kí àkùkọ tó kọ, ẹnu rẹ̀ nìkan ni àléébù rẹ̀, ẹnu ò sì tíì pa ẹnikẹ́ni. Urho ń wo ojú fèrèsé. Nígbà tó pẹ́, ó ní kí ọmọkùnrin náà wá bá wa gbé èbúté ní òpin ọ̀sẹ̀ tí a máa fi ti ilé etí omi de ìgbà òtútù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Àlejò ní ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi títi ilé, ẹbí nìkan ní ń wá, nítorí ìgbà yẹn ni ìdọ̀tí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti òkú eku ń jáde síta, a ò sì pe àlejò wá wò ó rí. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé bí àgádágodo bá ti wọ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Urho á padà sínú yàrá rẹ̀ nígboro, kò ní gbé fóònù, kò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Reijo á ti wà ní Joensuu nígbà yẹn. Àfi ká rí ọ̀rọ̀ náà gbà kí á tó tìlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, Vuokko bá bàbá rẹ̀ ṣáájú, èmi jókòó ti Reijo nínú ọkọ̀ búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni mo ti gbà á nímọ̀ràn.

"Reijo," mo ní, "ṣé o fẹ́ ọmọ yìí lóòótọ́?"

"Àǹtí, tí wọ́n bá la àyà mi báyìí, tí wọ́n wo inú ẹ̀, ẹ mọ̀ pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi máa ń sọ pé..."

"Ó tó. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Títí a ó fi ti ilé, o ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá bi ọ́, dáhùn. Tí wọn ò bá bi ọ́, pa ẹnu dé, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀."

"Ohun yòówù?"

"Ohun yòówù."

Ó rò ó. Ó wá mi orí, láti ibẹ̀ títí a fi dé etí adágún, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tí ìgalà ńlá kan sáré kọjá níwájú ọkọ̀ nìkan ló kérora.

Ẹ ò bá wá wo ọmọ Karelia tó dákẹ́. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀ lálẹ́, ó jẹ ẹ́, omi lé ròrò sí i lójú, nítorí ó fẹ́ sọ pé ó dùn, kò sì sẹ́ni tó bi í. Urho wò ó, ó jẹun díẹ̀, ó tún wò ó. Vuokko rò pé ara rẹ̀ ò yá ni, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Nígbà tó bá mi ní kíṣìnnì tí mo sì sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún un, inú bí i gidigidi.

"Àǹtí, kí lẹ ṣe fún un?"

"Ọkọ ni mò ń bá ẹ wá."

"Ọkọ wo? Tó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí bàbá mi tó gbà á, ta wá ni bàbá mi gbà? Ta ni màá máa bá gbélé? Ẹni kan tí kì í sọ̀rọ̀ ti tó mi láyé yìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí òótọ́ ni. Mo kàn ní kó lọ gbọn mátírẹ́ẹ̀sì.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti etí omi lọ sí àárín adágún. A ti dá iná sí sáúnà, ilé ìwẹ̀ ooru wa, láti àárọ̀, nítorí ìwẹ̀ tí a fẹ́ wẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló gbẹ̀yìn lọ́dún náà. Wọ́n ti fa ọkọ̀ ojú omi gòkè, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé sábẹ́ igi, wọ́n yọ igi tí a fi ń dí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi kọ́ ìṣó nínú ahéré, wọ́n sì so àjẹ̀ mọ́ àjà lókè. Ó wá ku èbúté.

Orí àgbá ni èbúté wa ń léfòó, ẹ̀wọ̀n méjì ló dì í mú mọ́ etí omi. A máa ń tú ẹ̀wọ̀n, a máa ń fi okùn fà á gòkè kí yìnyín má bàa fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èèyàn ní láti so orí okùn mọ́ igi kó tó tú ẹ̀wọ̀n. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Urho ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti pé. Lọ́dọọdún, Elvi á dúró létí omi, á máa pariwo, "Urho, okùn," Urho á sì lọ so okùn. Lẹ́yìn Elvi, èmi ni mò ń pariwo. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, inú ilé ni mo wà, tí mò ń dẹ pàkúté eku.

Reijo dúró létí omi. Ó rí i kedere pé okùn ò so mọ́ nǹkan kan, ìdí kan wà lára èbúté, orí rẹ̀ sùn sílẹ̀ nínú koríko. Ó la ẹnu. Ó rántí mi. Ó pa ẹnu dé. Ó wí fún ara rẹ̀ pé àgbàlagbà tó ti ń ṣe nǹkan láti ọjọ́ yìí wá ò ní ṣàìmọ ohun tó ń ṣe, bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Häme nìyẹn. Urho tú ẹ̀wọ̀n kejì. Èbúté yí díẹ̀, afẹ́fẹ́ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tòun ti ẹ̀gbọ́n mi lórí rẹ̀. Okùn náà ń wọ́ tẹ̀ lé e nínú koríko, nígbà tó sì dé ẹ̀bá bàtà Reijo, Reijo gbẹ́sẹ̀ fún un kó lè kọjá.

Ẹ máa rò pé Urho pariwo. Ó ti o. Ọkùnrin Häme kì í pariwo nítorí pé nǹkan ń gbé e lọ. Ó nàró, ó kọ́wọ́ bọ àpò, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Nígbà tó ti lọ jìnnà díẹ̀, ó na ọwọ́ kan sókè. Reijo náà na tirẹ̀.

Bí mo ṣe jáde pẹ̀lú pàkúté lọ́wọ́ nìyẹn, tí Vuokko náà ti ẹ̀yìn ilé bọ̀. Ó bi Reijo pé bàbá òun dà. Reijo nawọ́ sí adágún.

Vuokko wo adágún, ó wo Reijo. "Reijo," ó ní, "sọ̀rọ̀."

Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni Reijo wò? Àṣẹ mi ni ọmọ yìí ń dúró dè, tí ẹ̀gbọ́n mi ń bá omi lọ. Mo ní, "Sọ̀rọ̀, ọmọ yìí, jọ̀wọ́ sọ̀rọ̀, ohun yòówù yẹn ti kọjá."

Ọ̀rọ̀ bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sáré, ó yí ọkọ̀ padà lábẹ́ igi, ó fà á wọ omi. Kò sáyè àtitú àjẹ̀ lájà, ṣọ́bìrì ìkóyìnyín tí mo ti gbé sẹ́nu ọ̀nà de ìgbà òtútù ló gbé, òun ló fi ń tu ọkọ̀. Ó ní kí Bàbá dúró, bí ẹni pé Bàbá ní ibòmíràn tó lè yà sí. Ohùn kì í sọnù lórí omi, gbogbo ilé tó wà létí adágún ló gbọ́ ọ.

"Bàbá, mo rí okùn náà," ló ń ké. "Mo rí i, mi ò sọ. Ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, Bàbá. Mo fẹ́ dákẹ́ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe bí ìyá mi náà nìyẹn. Tí mo bá lọ Joensuu láìsí i, mi ò mọ ẹni tí màá máa bá sọ ọ́. Ọbẹ̀ ẹja àná yẹn dùn, Bàbá. Láti àná ni mo ti fẹ́ sọ ọ́."

Vuokko ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ dé ìdajì ọ̀nà ni mo tó rí i pé ó ń rì. Igi ìdíhò ṣì wà lórí ìṣó nínú ahéré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnu Reijo ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ mọ̀ pé kì í pa nǹkan mọ́ra. Urho sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀, omi mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní, "Ihò." Reijo ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń ní ihò. Urho bá ṣí fìlà. Elvi ló hun fìlà yẹn fún un, yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó rí àtàrí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí obìnrin náà ti kú. Ó wo fìlà náà díẹ̀, ó ká a, ó fi gìgísẹ̀ tì í wọ inú ihò. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà kan, ó fi ń gbọ́n omi.

Nígbà tí wọ́n so okùn èbúté mọ́ ìdí ọkọ̀, tí wọ́n ń fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, Urho bi í ní ìbéèrè kan.

"O rí i pé okùn ò so?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Àǹtí Hilkka ní kí n má sọ̀rọ̀, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀."

Wọ́n gúnlẹ̀. Urho sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó wá dúró níwájú mi. "Hilkka," ó ní.

"Hùn," ni mo wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi.

Òtútù ń mú wọn gbọ̀n jìgìjìgì, a ti àwọn méjèèjì wọ sáúnà. Èmi àti Vuokko jókòó lórí àtẹ̀gùn níta, à ń bó ọ̀dùnkún. A ń retí ohùn Reijo. A gbọ́ omi tí wọ́n dà sórí òkúta gbígbóná, a gbọ́ bó ṣe hó, lẹ́yìn náà ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó lọ sílẹ̀, ó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò ṣí tipẹ́. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Vuokko.

"Àǹtí, ta nìyẹn?"

"Bàbá ẹ ni," mo ní. Ẹnu ya èmi náà. Ohùn náà ń lọ, kò dáwọ́ dúró, omi ọ̀dùnkún gbẹ tán lórí iná, kò sẹ́ni tó dìde nínú wa. Ohùn Reijo ò dún rárá.

Reijo sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí a ń fọ abọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní Urho sọ pé: "Elvi máa ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti jí ló ti ń sọ̀rọ̀, ó ń bá ìkòkò sọ ọ́, ó ń bá ẹyẹ sọ ọ́. Nígbà tó kú, ìdákẹ́jẹ́ ilé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lára. Ìwọ wá dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé tún kún. Nígbà tí o lọ, ó di kí n tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ iye ìgbà tí èèyàn lè ṣe é."

Ìdí tó fi gba inú òjò lọ nìyẹn. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀, tí mo ń pe ara mi ní alárinà, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti rò pé ariwo ni kò fẹ́, kò sì yé mi pé lílọ ariwo náà ló ń bà á lẹ́rù. Àánú ẹ̀gbọ́n mi ṣe mí débi pé abọ́ kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Vuokko gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí iná, ó gbé orí lé e léjìká.

Síbẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" tí a wá gbà ò tíì jáde lẹ́nu Urho. Ilẹ̀ Sọ́ńdè mọ́, a da omi inú páìpù nù, a ká kọ́tìnnì, a kó ìyọ̀ àti ṣúgà sínú agolo kí eku má bàa jogún wọn. Ẹrù ti wọkọ̀. Àgádágodo wà lọ́wọ́ Urho. Mo wo ojú Vuokko, ó ti funfun. Reijo ń sọ̀rọ̀ lórí oríṣiríṣi àgádágodo tí wọ́n ní ní Joensuu.

Ó ku nǹkan kan, òun ló máa ń gbẹ̀yìn. Kí á tó ti sáúnà, a máa ń to igi sínú ààrò rẹ̀, pẹ̀lú èèpo igi koivu tí iná fi ń tètè mú, kí ẹni tó bá dé nígbà ìrúwé má bàa máa wá iná kiri nínú òtútù. Ẹni tó bá tò ó náà ló máa ń wá tàn án. Elvi ló ni iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn Elvi, Urho gbà á, á tìlẹ̀kùn mọ́rí, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. A dúró dè é lọ́jọ́ yẹn bí a ṣe ń dúró dè é látẹ̀yìnwá. Ó jáde kíákíá. Èèpo igi náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí Reijo.

"Ìwọ tò ó," ó ní.

Reijo gbà á. Urho dúró, ó wo ilẹ̀, a rí i pé nǹkan kan tún ń bọ̀, pé ó ń ni ín lára.

"Ìwọ ni wàá wá tàn án," ó wí. "Ìwọ àti Vuokko." Ó mí kanlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Vuokko jókòó sínú koríko tútù, ó bú sẹ́kún. Ní ti Reijo, ó dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sí nǹkan kan tó jáde. Mo dúró de ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò wá. Ẹ̀rù ba Urho. Ó fà mí lápá sẹ́yìn.

"Ṣé kò gbọ́ ni?"

"Ó gbọ́," mo ní. "Ẹ ní sùúrù fún un."

Reijo kúnlẹ̀ níwájú ààrò, ó to igi. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń dáná búrẹ́dì níbi iṣẹ́ rẹ̀, kò mọ̀ ju kó tẹ bọ́tìnnì lọ. Ó kó igi ńlá sílẹ̀, ó kó kékeré lé e, ó fi èèpo sí òkè pátápátá, níbi tí iná ò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fa èémí láti sọ ọ́. Urho tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ní hùn, mo sì mọ èyí tó jẹ́.

Wọ́n ṣègbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde. Nígbà tí yìnyín yọ́, gbogbo wa jọ lọ ṣí ilé. Urho dé fìlà Elvi, ibi tó fi dí ihò ọkọ̀ ti fẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀ bí ọmú, kò sì jẹ́ kí Vuokko tún un ṣe. Reijo ṣáná, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ààrò, ó ń sọ ìtàn fún ààrò náà. Kò pẹ́ tí èéfín fi kún inú sáúnà bámúbámú, a sáré jáde, à ń wúkọ́, ojú wa dúdú. Urho jókòó sórí àtẹ̀gùn, omijé ń dà lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé èéfín ni. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ẹ̀rín ló ń rín.

"Elvi náà ò mọ igi tò," ó ní. "Ọdọọdún ni èéfín máa ń lé wa jáde."

Ẹnu ya Vuokko. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ọdún yẹn, ẹ ò sọ fún un?"

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́," ni Urho wí.

Ó nu ojú rẹ̀, ó sún sápá kan, ó fọwọ́ lu pákó àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ kí Reijo lè jókòó.

"Ẹṣin ìyá àgbà yẹn ńkọ́?" ó ní. "Mi ò gbọ́ ìparí ẹ̀."